Bíríkì Tuskegee àti Oko Òwú Notsé

Nígbà tí ìlú kan bá fẹ́ dá ilé-ìwé tuntun sílẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń kà ni yàrá, àga, pátákó ìkọ̀wé àti iye olùkọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò lè fi ìka kà, òun ni ó sì máa ń pẹ́ jù nínú ilé-ìwé: àṣà ibẹ̀. Ta ni ó ń gbálẹ̀? Bí fèrèsé bá fọ́, ta ni ó ń dùn? Bí olùkọ́ kò bá sí nítòsí, kí ni àwọn ọmọ ń ṣe? Láti ọdún àkọ́kọ́ ni a ti ń fi ìpìlẹ̀ nǹkan wọ̀nyí lélẹ̀, yálà a mọ̀ ọ́n tàbí a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ilé-ìwé kan ni a ó fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé-ìwé náà wà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, àti ọmọ àwọn tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, àwọn kan láti ibẹ̀ wá sí Tógò láti wá dá oko ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Atakpame níbi tí àwọn ará wa wà. Orúkọ ilé-ìwé náà ni Tuskegee.

Kí ogun abẹ́lé tó jà ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ Alabama kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé. Ogun náà parí ní 1865, àwọn ẹrú sì di òmìnira. Ìwé wá di ohun tí ebi rẹ̀ ń pa tọmọdé tàgbà. Ní ìlú kékeré tí ó ń jẹ́ Tuskegee, ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Lewis Adams. Ó ti ṣe ẹrú rí. Iṣẹ́ páànù àti iṣẹ́ awọ ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀wé kà. Ní 1880, òyìnbó olóṣèlú kan wá bá a pé kí ó bá òun wá ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Adams kò béèrè owó fún àpò ara rẹ̀. Ilé-ìwé ni ó béèrè. Ní ọdún kejì ìjọba Alabama fi ọwọ́ sí i pé wọn yóò máa san dọ́là 2000 lọ́dọọdún fún owó oṣù àwọn olùkọ́. Kò sí owó ilẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí owó ilé, kò sí owó àga kan ṣoṣo.

Adams àti George Campbell, oníṣòwò òyìnbó kan ní ìlú náà tí òun fúnra rẹ̀ ti ní ẹrú rí, kọ̀wé sí ilé-ìwé Hampton ní Virginia pé kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀gá. Òyìnbó ni wọ́n ń retí. Ẹni tí Hampton rán sí wọn ni Booker T. Washington, ọmọ nǹkan bí ọdún 25, tí wọ́n bí ní oko ẹrú.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí bí Washington ṣe wọ Hampton, nítorí ó ṣe pàtàkì. Ní 1872 ni ó fi ẹsẹ̀ rìn, tí ó ń tọrọ kí wọ́n gbé òun, títí ó fi dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí lára àti àádọ́ta sẹ́ńtì lápò. Olùkọ́ obìnrin tí ó wà níbẹ̀ wò ó, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ó ní kí ó lọ gbá yàrá kan. Ọmọ náà gbá yàrá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu eruku rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Obìnrin náà fi aṣọ ìnujú rẹ̀ ra ògiri àti tábìlì wò, kò rí eruku. Bí wọ́n ṣe gbà á wọlé nìyẹn. Ìgbálẹ̀ ni ìdánwò rẹ̀, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí ó dé Tuskegee ní oṣù kẹfà ọdún 1881, kò bá ilé-ìwé kankan níbẹ̀.  Ìbaaka àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ni ó mú, ó sì fi oṣù kan rìn ká ìgbèríko Alabama. Ó ń bá àwọn ará oko jẹun, ó ń sùn nínú yàrá kan náà tí bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò jọ ń sùn sí. Ní ilé kan, àwọn márùn-ún jókòó ti oúnjẹ, fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo wọn. Ní igun yàrá náà ni dùùrù kan wà tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, dọ́là 60. Ó tún rí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jókòó nínú ahéré, ọ̀rá ti ta sí aṣọ rẹ̀, ìdọ̀tí yí i ká, koríko ti bo ọgbà. Kí ni ọmọkùnrin náà ń ṣe? Gírámà èdè Faransé ni ó ń kọ́.

Àwa tí wọ́n fi èdè Faransé kọ́ ní ìwé lè rẹ́rìn-ín níbí, ṣùgbọ́n kí á má rẹ́rìn-ín púpọ̀. Èmi kò rò pé ọmọ náà jẹ̀bi. Ìwé ni wọ́n fi dù wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́, èyí tí ó jìnnà jù ni wọ́n nawọ́ sí. Ohun tí ìrìn-àjò yẹn ṣe fún Washington ni pé ó mọ irú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò ti wá kí ó tó kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń dá ilé-ìwé sílẹ̀ kì í ṣe èyí.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1881, ilé-ìwé ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30. Ahéré ògbólógbòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àti ṣọ́ọ̀ṣì náà fúnra rẹ̀, ni kíláàsì. Orùlé ahéré náà ń jò tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ń dìde, tí ó ń ya agbòjò lé olùkọ́ lórí, kí ó lè máa gbọ́ ẹ̀kọ́ àwọn yòókù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn 30 náà ti jẹ́ olùkọ́ ní ìgbèríko. Àwọn kan ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Àwọn kan mú ọmọ tí wọ́n ti kọ́ rí wá, nígbà tí a sì dán wọn wò, ọmọ wọ kíláàsì tí ó ga ju ti olùkọ́ rẹ̀ lọ! Wọ́n fẹ́ràn ìwé ńlá tí orúkọ rẹ̀ gùn. Wọ́n ti kọ́ òfin ìṣirò tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń lò sórí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìsọdipúpọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Olivia Davidson dé láti wá bá a ṣiṣẹ́. Ìtàn kì í pe orúkọ obìnrin yìí tó. Olùkọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ Hampton ni òun náà, òun ni ó sì ń lọ láti ilé dé ilé ní ìlú Tuskegee, lọ́dọ̀ òyìnbó àti lọ́dọ̀ aláwọ̀ dúdú, tí ó ń tọrọ àkàrà òyìnbó, adìyẹ tàbí búrẹ́dì tí wọn yóò fi se àsè, kí wọ́n tà á, kí owó lè wọlé. Ní 1885 ó di aya Washington. Ní 1889 ó kú.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oko àtijọ́ kan di títà. Ilẹ̀ náà tó éékà 100, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹ́kítà 40. Iná ti jó ilé olówó tí ó ni ín. Ohun tí ó kù ni ahéré kan, ilé ìdáná, ilé ẹṣin àti ilé adìyẹ. Dọ́là 500 ni wọ́n pè é. Washington yá dọ́là 250 lọ́wọ́ akápò Hampton, Ọ̀gágun Marshall, tí ó yọ ọ́ nínú owó ara rẹ̀. Wọ́n tún ilé ẹṣin ṣe, ó di kíláàsì. Kíláàsì kún, wọ́n tún yíjú sí ilé adìyẹ. Bàbá àgbà kan tí Washington ní kí ó wá bá òun gbá a mọ́ yà ẹnu: ta ni ó ń wọ ilé adìyẹ lọ́sàn-án gangan? Ẹ̀yin tí ẹ mọ olè adìyẹ, ẹ mọ ohun tí bàbá náà ní lọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mo kà sí ìdásílẹ̀ ilé-ìwé náà gan-an ṣẹlẹ̀. Washington ní lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀sán, kí gbogbo wọn lọ ṣán igbó kí wọ́n lè gbin oúnjẹ. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn. Wọn kò rí ohun tí ó pa àáké pọ̀ mọ́ ìwé. Olùkọ́ ni wọ́n, òmìnira ni wọ́n, lójú wọn oko kò yàtọ̀ sí ẹrú. Ọ̀gá wọn kò bá wọn jiyàn, kò sì fi ìyà halẹ̀. Ó gbé àáké lé èjìká, ó ṣáájú wọn wọ igbó. Wọ́n rí i pé kò tijú, kò sì bẹ̀rù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Lọ́sàn-án lọ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe é, títí wọ́n fi ṣán nǹkan bí éékà 20, wọ́n sì gbìn ín.

Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Obìnrin arúgbó kan tí ó tó nǹkan bí ẹni 70 ọdún, tí ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ lóko ẹrú, wọlé pẹ̀lú ọ̀pá àti àkísà. Ẹyin adìyẹ mẹ́fà ni ó mú wá. Ó ní òun kò ní owó, kí wọ́n fi ẹyin náà sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Láàrin oṣù márùn-ún, gbogbo dọ́là 500 ti pé, ilẹ̀ sì di tiwọn.

Nígbà tí ó yá wọ́n nílò ilé tí ó le. Ìlú kò ní ẹni tí ó ń ṣe bíríkì, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ wà. Washington ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n kórìíra jù lọ. Wọ́n ń dúró fún wákàtí púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ tí ó dé orúnkún wọn, àwọn kan sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n mọ nǹkan bí bíríkì 25,000, wọ́n tò ó sínú ààrò, wọ́n dáná sí i. Kò jiná, ó bàjẹ́. Wọ́n to ẹlẹ́ẹ̀kejì. Òun náà bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i: wọ́n ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan dáná, ó ku wákàtí díẹ̀, ni ààrò bá wó lulẹ̀ láàrin òru.

Owó tán. Àwọn olùkọ́ ní kí wọ́n jáwọ́. Washington mú aago àpò rẹ̀ lọ sí Montgomery, ó fi dógò, wọ́n fún un ní dọ́là 15. Ó padà, ó kó àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti bá jọ, wọ́n to ààrò kẹrin. Èyí jiná. Nígbà tí ọjọ́ tí ó yẹ kí ó san owó pé, kò ní in lọ́wọ́, aago náà sì bá ibẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi máa di òpin ọ̀rúndún náà, bíríkì tí wọ́n ń ṣe lọ́dún kan ti lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn òyìnbó ìlú tí wọn kò fẹ́ ilé-ìwé aláwọ̀ dúdú rárá ń wá rà á, nítorí bíríkì tí ó dára ni.

Ó wà nínú òfin ibẹ̀ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè fi owó ra ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ olówó. Àwọn òbí bínú. Wọ́n kọ̀wé, àwọn mìíràn wá fúnra wọn: ìwé ni a rán ọmọ wá kọ́, a kò rán an wá ṣiṣẹ́! Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Benin, nígbà tí ìjọba Kérékou gbé ètò tí wọ́n pè ní École nouvelle kalẹ̀ ní 1975, tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní láti ní oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí sọ: oko ni àwọn ọmọ ń lọ, wọn kò kàwé mọ́. Ní 1990, ìpàdé ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́ pa ètò náà tì. Washington kò pa tirẹ̀ tì, ṣùgbọ́n kò fi àṣẹ nìkan dá àwọn òbí lóhùn. Ó ń rìn káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ó ń bá wọn jókòó, ó ń ṣàlàyé. Iye akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pọ̀ sí i.

Kò sí yàrá oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ilé ńlá àkọ́kọ́, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oúnjẹ kì í pé, kì í sì í dé lákòókò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ọmọbìnrin kan tí kò rí oúnjẹ jẹ lọ sí kànga láti mu omi, ó bá okùn ní jíjá, ó sì kígbe pé ní ilé-ìwé yìí omi gan-an kò sí. Washington wà nítòsí, ó gbọ́. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó bá òun lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn ní ìkẹyìn pé wọ́n la ọjọ́ yẹn kọjá, nítorí àwọn tí ó jẹun lábẹ́ ilẹ̀ náà mọ iye tí yàrá oúnjẹ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà jẹ́.

Báwo ni àṣà náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà ààrò kẹta? Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ó ń kọ́ tuntun. Bí ọmọ tuntun bá fẹ́ fi ọ̀bẹ ha ògiri tàbí fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí i, ẹni tí ó ti pẹ́ ni yóò dá a dúró, pé ilé wa ni, èmi wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Olùkọ́ kò ní láti sọ̀rọ̀. Ìròyìn pé Tuskegee kì í gba ẹni tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tàn dé oko tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi dé láìní ẹrù mìíràn lọ́wọ́ ju búrọ́ọ̀ṣì náà lọ. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ọ̀gá a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohunkóhun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn sínú lẹ́tà sí òun, tàbí kí wọ́n wá sọ ọ́ lójúkojú. Mo rò pé èyí ṣòro fún ọ̀gá ju fífi aago dógò lọ.

Kí á má sì gbàgbé pé ọwọ́ Washington fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìtàn yìí ti wá, nínú ìwé tí ó kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1901, tí ó fẹ́ kí àwọn òyìnbó olówó kà. Ní 1903, W. E. B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú, kọ̀wé takò ó gidigidi: ó ní ó ti gbé iṣẹ́ ọwọ́ ga jù, ó sì dákẹ́ lórí ẹ̀tọ́ ìbò àti ẹ̀kọ́ gíga. Ó ní ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni Alabama ń gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, bíríkì kò sì lè dá ìyẹn dúró.

Tógò ni a ti rí ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníṣòwò Jámánì ń wá òwú fún ilé-iṣẹ́ aṣọ wọn, wọ́n sì ní kí Washington rán ènìyàn lọ sí ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso. Ó gbà. Ní oṣù kọkànlá 1900, James Calloway, olùkọ́ Tuskegee, wọ ọkọ̀ pẹ̀lú John Robinson, Allen Burks àti Shepherd Harris. Bí ọdún ṣe ń yí sí 1901 ni wọ́n dé Lomé, wọ́n sì dá oko sílẹ̀ ní Tové. Àìsàn pa ẹran tí ó yẹ kó fa ẹrù, ènìyàn ni ó wá ń fà á. Ní 1902, omi òkun pa méjì nínú àwọn mìíràn tí Tuskegee rán wá, bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀ ní Lomé. Ikú mú Harris náà. Robinson dúró, ní 1904 ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwú ní Notsé.

Bí ẹ bá wo ó láti òkèèrè, Tuskegee ni: ọ̀dọ́, oko, ọkọ́, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Lewis Adams kan ní Notsé tí ó béèrè fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ọ̀dọ́kùnrin tí wọn yóò rán lọ, fún ọdún mẹ́ta. Òwú kò ṣàjèjì sí àwọn Ewe: wọ́n ti ń gbìn ín láàrin àgbàdo àti iṣu tipẹ́, àwọn obìnrin wọn sì ń ran án. Ohun tí a ní kí wọ́n kọ́ ni bí a ṣe ń gbin òwú nìkan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Yúróòpù fẹ́. Nígbà tí ọdún mẹ́ta bá pé, wọn kò tú wọn sílẹ̀ láti ṣe bí ó ti wù wọ́n. Wọ́n ń fún wọn ní ilẹ̀ láti gbin òwú lábẹ́ ojú ìjọba. Àwọn kan sá lọ.

Èmi kò ka Robinson sí ènìyàn burúkú. Ó dúró nígbà tí àwọn yòókù ti kú tàbí ti padà sílé, ó sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òun ti wá, bíríkì tí akẹ́kọ̀ọ́ sun ni ó di ògiri yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn sí. Ní Notsé, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lọ.

Omi gbé Robinson lọ ní 1909. Ní 1914 ogun àgbáyé dé, Jámánì sì pàdánù Tógò. Ní Tuskegee, Washington kú ní oṣù kọkànlá 1915, wọ́n sì sin ín sí àárín ilé-ìwé náà. Ilé-ìwé náà ti di yunifásítì láti 1985, ilé tí ọ̀gá gbé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bíríkì ara wọn kọ́ parí ní 1899, sì wà níbẹ̀ títí di òní.